Bí mo ṣe fi báírò tọ ipa oríkèé àti nẹ́ẹ̀fù lára mi

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka orí tó sọ nípa oríkèé àti nẹ́ẹ̀fù, ìyẹn okùn tó ń gbé ìròyìn káàkiri ara, nínú ìwé mi, kò dúró lọ́pọlọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo pa ìwé dé, mo ká apá aṣọ sókè, mo mú báírò.

Ìgúnpá ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ká apá kò, mo fi ìka wá eegun méjì: ṣóńṣó tó yọ sẹ́yìn, àti kókó tó kọjú sí ìhà mi. Mo sàmì sí méjèèjì. Kòtò tóóró kan wà láàárín wọn, ibẹ̀ sì ni nẹ́ẹ̀fù tí wọ́n ń pè ní ulnar gbà kọjá, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé awọ nìkan ló bò ó. Mo rọra yí ìka lórí rẹ̀. Ó yọ̀ lábẹ́ ìka mi bí okùn, ni ọmọ́ńdinrín mi àti ẹ̀gbẹ́ ìka tó tẹ̀lé e bá ń ta mí bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń gún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbá a, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ pẹ́. Mo fi báírò fa ìlà láti kòtò náà dé ìka. Ìgúnpá ni mo fọwọ́ kàn, ìka ni ọpọlọ ní ó ń ta: ibi tí nẹ́ẹ̀fù náà ti ń gbé ìròyìn wá ló mọ̀.

Mo tún gbé ìgúnpá lé tábìlì, mo ń yí àtẹ́lẹwọ́ sókè sódò. Ṣóńṣó ẹ̀yìn kò kúrò lójú kan. Nínú eegun méjì tó wà láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, èyí tó wà lápá àtàǹpàkò ló ń gorí èkejì. Oríkèé mẹ́ta ló wà nínú àpò kan ṣoṣo níbẹ̀. Èyí tó ń ṣe bí àgbékọ́ ìlẹ̀kùn nìkan ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó ku orúnkún. Eegun rírọ̀ tó ń dán, tó bo orí àwọn eegun ibẹ̀, kò ní nẹ́ẹ̀fù, kò sì ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Omi inú oríkèé, tó ń yọ̀ bí funfun ẹyin, ló ń bọ́ ọ. Nítorí pé kò ní nẹ́ẹ̀fù, ó lè máa jẹ títí kí ẹni tó ni ín tó mọ̀. Àpò oríkèé àti eegun abẹ́ rẹ̀ ló ń ké ìrora.

Mo jókòó sétí tábìlì, ẹsẹ̀ ń fì, mo fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ gbá iṣan abẹ́ ọmọrí orúnkún. Ẹsẹ̀ kò mira, nítorí mo mú un le gan-an. Mo bẹ àbúrò mi kó bá mi gbá a, èmi fi ìka kọ́ ìka níwájú àyà, mo ń fà wọ́n, kí ọkàn mi lè kúrò lára ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ta síwájú.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ta á ni!”

N kò mọ̀ọ́mọ̀. Bí iṣan náà ṣe fa ẹran iwájú itan lójijì, nẹ́ẹ̀fù kan gbé ìròyìn lọ sínú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, ó fà á lé òmíràn lọ́wọ́, ìyẹn sì pàṣẹ pé kí ẹran náà sún kì. Kò dúró de ọpọlọ. Wilhelm Erb àti Carl Westphal, oníṣègùn Jámánì méjì, kọ nípa rẹ̀ ní 1875.

Mo ní kó gbá ẹsẹ̀ òsì náà. Ó ta bíi ti ọ̀tún.