X-ray Tó Ń Yí Orí Ká: Ìgbà Wo Ni Eyín Tó Ń Jẹrà Nílò Rẹ̀?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ìyálé ilé ní Àkúrẹ́, Ìdànrè àti Oǹdó, eyín tó ń jẹrà kì í tètè dunni. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu ń jẹ ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ eyín, omi kíkan tó ń ti ara wọn jáde sì ń bó eyín díẹ̀díẹ̀. Bí obì tí kòkòrò ti wọ̀ ni: ara ń dán, inú ti bàjẹ́. Nígbà tí yóò bá fi máa ro yín lóru, ó lè ti dé ibi iṣan.

X-ray kékeré ni dókítà eyín fi ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n á ní kí ẹ fi eyín há mọ́nú ẹnu. Ó dára gan-an fún ihò tó sá pamọ́ sáàárín eyín méjì. Fún ihò lásán, ó tó.

Èyí tí wọ́n ń pè ní CBCT yàtọ̀. Ẹ̀rọ náà á yí orí yín ká, kì í sábà pé ìṣẹ́jú kan, á ya àwòrán lọ́pọ̀lọpọ̀, kọ̀ǹpútà á sì kó wọn pọ̀ di ọ̀kan tí dókítà lè yí wò níwá lẹ́yìn, kó tún wò ó ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Nínú X-ray lásán, gbòǹgbò eyín máa ń bo ara wọn. Èyí ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ibẹ̀ ló ti wúlò: ọyún lábẹ́ gbòǹgbò, eyín tó há sínú egungun, ọ̀nà tí iṣan gbà kí wọ́n tó yọ eyín ìkẹyìn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi dandan bèèrè rẹ̀. Ìtànṣán rẹ̀ ju ti X-ray kékeré lọ, owó rẹ̀ náà jù ú lọ, irin tí wọ́n fi dí eyín sì lè fa ilà dúdú tó jọ ihò. Ti ọmọdé ló gba ìṣọ́ra jù. Ẹ bi dókítà pé: "Kí lẹ fẹ́ rí tí X-ray kékeré ò lè fi hàn yín?" Ìbéèrè yìí kì í ṣe àrífín.

Lọ́jọ́ náà, ẹ yọ yẹtí, ẹ̀gbà ọrùn, irin irun àti eyín àtọwọ́dá. Kí aláboyún sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Ẹ mú fọ́tò X-ray àtijọ́ ti eyín yín dání, ẹ má sì mira.

Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ UNIMED, ìyẹn ti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn (University of Medical Sciences) ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó, wà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ẹ lè bèèrè ìtọ́jú eyín níbẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn tó ń ki omi bátìrì tàbí kẹrosíìnì bọ eyín, tí wọ́n ń dúró di ìgbà tí wọ́n bá ta kòkó. Nǹkan wọ̀nyí ń jó èrìgì, wọn kò sì wo eyín tó ń jẹrà náà sàn. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tí ara gbóná, tí ẹnu ò ṣeé là tàbí itọ́ ò ṣeé gbé mì, ẹ má dúró de fọ́tò kankan. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òru.