Yíyan Dímà fún Gílóòbù LED Inú Ilé, àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó

Dímà ni súwíìṣì tí ó ń jẹ́ kí onílé dín ìmọ́lẹ̀ kù tàbí kí ó fi kún un bí ó bá ṣe fẹ́, dípò kí ó kàn tan iná tàbí kí ó pa á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó fi gílóòbù LED pààrọ̀ gílóòbù àtijọ́ ni ó ti rí i pé dímà tí ó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa láti ọjọ́ pípẹ́ ṣàdédé yíwà padà: iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, ó ń kùn yùn-ùn, tàbí ó kọ̀ láti kú tán nígbà tí a bá pa á. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí èyí tí ó bàjẹ́ nínú méjèèjì. Wọn kò bá ara wọn mu ni. Ohun tí ìwé yìí fẹ́ kí ó yé onílé ni pé kí ó ka dímà àti gílóòbù LED sí ọjà kan ṣoṣo, nítorí pé ẹni tí ó bá ra ọ̀kan láì wo èkejì, owó rẹ̀ ni ó ń fi ta tẹ́tẹ́.

Ìdí tí dímà àtijọ́ kì í fi í bá LED ṣe

Nínú gílóòbù àtijọ́, wáyà tín-ínrín kan wà tí a fi irin tungsten ṣe. Bí iná bá gba inú wáyà yìí kọjá, yóò gbóná títí tí yóò fi máa tàn yòò. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára iná tí ó ń jẹ ni ó ń di ooru, díẹ̀ ni ó ń di ìmọ́lẹ̀. Kí ìmọ́lẹ̀ irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ lè dín kù, kí a ṣáà ti dín iná tí ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kù ti tó. Àwọn dímà ìgbà láéláé, irú èyí tí wọ́n ń lò ní gbọ̀ngàn eré orí ìtàgé, máa ń sọ iná tí a kò bá fẹ́ di ooru lásán, agbára náà a sì ṣòfò. Ní 1959 ni Joel Spira, ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣe dímà kékeré kan tí kì í fi agbára ṣòfò bẹ́ẹ̀, tí ó sì lè wọ inú àpótí súwíìṣì ara ògiri ilé. Ní 1961 ni ó dá ilé-iṣẹ́ Lutron sílẹ̀.

Bí irú dímà yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó fa wàhálà tí a ń rí lónìí. Iná mànàmáná tí ń wọ inú ilé kì í ṣàn gba ojú kan; ó ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 tàbí 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti ṣètò rẹ̀. Ní àlọ àti ní àbọ̀ ni dímà ń gé díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó ń pa iná, ó sì ń tàn án, ní ìgbà 100 tàbí 120 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Wáyà tungsten kì í ráyè tutù kí iná tó tún dé, nítorí náà ohun tí ojú ń rí ni ìmọ́lẹ̀ tí ó rọlẹ̀, tí ó sì dúró jẹ́ẹ́.

Gílóòbù LED kò ní wáyà tí ń gbóná báyìí. Ẹ̀rọ kékeré kan ni ó wà ní ìdí rẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní driver, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba iná tí ń lọ tí ń bọ̀, kí ó sọ ọ́ di iná tí ń ṣàn gba ojú kan, kí ó sì rí i pé ìwọ̀n tí LED fẹ́ gan-an ni ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí dímà bá gé iná mọ́ driver tí a kò ṣe fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, yóò máa sa gbogbo ipá rẹ̀ láti dí àlàfo tí dímà dá sílẹ̀, yóò máa fa iná ní ìfàkúfà, yóò gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, yóò sì tètè bàjẹ́. Èyí tí a ṣe fún dímà ń wo bí a ti gé iná tó, ó ń kà á sí àṣẹ, ó sì ń dín ìmọ́lẹ̀ LED kù ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ óò kà lára páálí kí ẹ tó sanwó

Kí ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ náà "dimmable" lára páálí gílóòbù. Bí ẹ bá rí "non-dimmable", tàbí tí páálí kò sọ nǹkan kan rárá nípa rẹ̀, ẹ má ṣe gbé e sórí dímà. Bí gílóòbù yìí bá tilẹ̀ tàn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, èyí kò túmọ̀ sí pé ó bá dímà mu.

Lára páálí dímà, ẹ óò rí i bóyá ó jẹ́ "leading edge" tàbí "trailing edge". Èkínní ni ó ń gé ìbẹ̀rẹ̀ àlọ àti àbọ̀ iná. Òun ni ó ti pẹ́ jù, òun ni ó sì máa ń dínwó jù, ṣùgbọ́n ńṣe ni iná máa ń já wọlé lójijì bí ó bá ti gé e tán, driver ọ̀pọ̀ gílóòbù LED kò sì fẹ́ràn èyí. Èkejì ń jẹ́ kí iná wọlé wẹ́rẹ́, ìparí rẹ̀ ni ó ń gé, kì í sì í sábà pariwo. Bí mo bá ní láti yàn fún ilé tí kò tíì ní dímà rárá, "trailing edge" ni ǹ bá yàn. Síbẹ̀, àwọn gílóòbù kan wà tí a ṣe fún irú èkínní, àwọn dímà kan sì wà tí a lè yí láti irú kan sí èkejì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ga jù lórí èyí ni ẹni tí ó ṣe gílóòbù náà: ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ó ní àkọsílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti kọ orúkọ àwọn dímà tí wọ́n ti fi gílóòbù wọn dánwò lórí wọn. Wíwo àkọsílẹ̀ yìí kò gba àkókò rárá.

Ọ̀rọ̀ wáàtì ni ó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú jù, nítorí náà a óò fi ara balẹ̀ sọ ọ́. Gbogbo dímà ni ó ní iye wáàtì tí ó pọ̀ jù tí ó lè gbé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì tún ní iye tí ó kéré jù tí ó gbọ́dọ̀ gbé kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo yàrá tí ó ní gílóòbù àtijọ́ mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60 wáàtì. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 240 wáàtì. Bí onílé bá fi LED mẹ́rin oníwáàtì 8 pààrọ̀ wọn, àpapọ̀ di 32 wáàtì péré. Bí dímà tí ó wà lára ògiri bá jẹ́ irú èyí tí kì í gbé ohun tí kò bá tó 40 wáàtì, ẹrù náà fúyẹ́ jù fún un, iná yóò sì máa ṣẹ́jú tàbí kí ó kú pátá nígbà tí a bá yí i wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé máa ń rò pé gílóòbù tí kò dára ni wọ́n rà.

Ní ti iye tí ó pọ̀ jù, ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá tí a kọ sára dímà tàn yín jẹ. Bí a bá kọ 400 wáàtì, fún gílóòbù àtijọ́ ni iye yìí máa ń jẹ́. LED kì í jẹ iná púpọ̀, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí iná bá já wọlé sínú driver rẹ̀, ó máa ń fa púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí sì ń ni dímà lára. Dímà tuntun sábà máa ń ní iye ọ̀tọ̀ fún LED. Òun ni kí ẹ tẹ̀ lé. Níbi tí kò bá sí, ìṣirò tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná ń lò ni pé kí a mú ìdá kan nínú mẹ́wàá: 400 wáàtì yóò di 40. Ìṣirò yìí le díẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n líle rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ kíyè sí i pé bí dímà kan bá ní 40 gẹ́gẹ́ bí iye tí ó kéré jù, tí ìṣirò yìí sì tún fún un ní 40 gẹ́gẹ́ bí iye tí ó pọ̀ jù, dímà bẹ́ẹ̀ kò ní àyè kankan fún LED. Kí a pààrọ̀ rẹ̀ ni ó kù.

Ohun kan wà tí páálí kì í sábà sọ. Bí a bá dín gílóòbù àtijọ́ kù, àwọ̀ rẹ̀ a máa pọ́n síi. LED lásán kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àwọ̀ kan náà ni yóò máa fi hàn, yálà ó mọ́lẹ̀ tàbí ó rọlẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó pọ́n bí ti àtijọ́ ní láti wá irú èyí tí a kọ "warm dim" sí lára.

Wáyà ara ògiri, àti ohun tí kò yẹ kí ó wà lórí dímà

Àwọn dímà kan wà tí wáyà méjì péré tó fún, àwọn kan sì wà, pàápàá àwọn tí a lè fi fóònù darí, tí wọ́n nílò wáyà neutral (wáyà tí iná ń gbà padà) pẹ̀lú. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, wáyà neutral kò dé inú àpótí súwíìṣì. Kí ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná wo èyí kí ẹ tó ra ohunkóhun. Bí iná kan bá ní súwíìṣì ní ibi méjì, bíi ti ìsàlẹ̀ àti òkè àtẹ̀gùn, ojú kan ni kí dímà wà, kí ojú kejì máa lo súwíìṣì lásán, àfi bí ẹni tí ó ṣe dímà náà bá sọ pé méjì lè jùmọ̀ ṣiṣẹ́.

Dímà iná kì í ṣe ohun tí a fi ń darí fáànù, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó wà lójú ọ̀nà sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ń ki ẹ̀rọ mìíràn bọ̀. Gílóòbù tí a ń fi fóònù darí ti ní ohun tí ń dín ìmọ́lẹ̀ kù nínú ara rẹ̀. Súwíìṣì lásán ni kí ó wà lórí rẹ̀. LED gbọọrọ tí a máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tàbí etí àjà, tí ń lo iná 12 tàbí 24 fóltì (volt), ní irú dímà tirẹ̀, tí ó máa ń wà láàárín driver àti LED fúnra rẹ̀, bí kò bá jẹ́ pé driver náà jẹ́ èyí tí a ṣe fún dímà ara ògiri.

Bí a ṣe ń so ó mọ́ ògiri

Ní àwọn ibi kan, òfin sọ pé oníṣẹ́ iná tí ó ní ìwé ẹ̀rí nìkan ni ó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ibi tí òfin kò bá tilẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ iná má ṣe dán an wò. Ẹni tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ pa bírékà yàrá náà, kí ó sì fi tẹ́sítà wò ó pé kò sí iná nínú wáyà kankan kí ó tó fọwọ́ kàn án. Pípa súwíìṣì nìkan kò tó. Bí ojú dímà bá jẹ́ irin, wáyà ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Bí a bá to dímà méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ sínú àpótí kan, ooru wọn yóò pàdé, nítorí náà iye wáàtì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé yóò dín kù.

Lẹ́yìn tí a bá so ó tán, iṣẹ́ kan kù tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń fò. Dímà tuntun sábà máa ń ní ìdè kékeré kan tí a ń fi sukurudíráfà yí, tàbí bọ́tìnì kan, tí a fi ń pinnu ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró sí nísàlẹ̀. Kí a yí dímà wálẹ̀ títí dé òpin, kí a sì máa yí ìdè yìí díẹ̀díẹ̀ títí tí gbogbo gílóòbù yóò fi dúró jẹ́ẹ́ láì ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, kí a pa iná, kí a tún tàn án láì yí dímà sókè. Bí gílóòbù kan bá pẹ́ kí ó tó tàn tàbí tí kò tàn rárá, kí a gbé ìsàlẹ̀ náà sókè díẹ̀ síi. Gílóòbù tí ó wà lórí dímà kan náà yẹ kí ó jẹ́ irú kan náà, láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà, nítorí pé driver oríṣiríṣi kì í gbọ́ àṣẹ bákan náà.

Lílò rẹ̀ lójoojúmọ́

Ojú ènìyàn kì í ka ìmọ́lẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe ń kà á. Bí a bá dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ó jẹ́, ojú yóò máa rò pé ìlàjì rẹ̀ ni ó kù. Nítorí èyí, ìmọ́lẹ̀ tí ó dà bí ìlàjì lè máa jẹ iná tí kò pọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe retí iṣẹ́ ìyanu lórí owó iná. Bí LED tí a sọ lókè yìí bá já wálẹ̀ láti 32 wáàtì sí 8, wáàtì 24 ni a fi pamọ́. Bí a bá lò ó fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́, yóò tó nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ kí a tó fi yúníìtì iná kan ṣoṣo pamọ́. Ìtura ojú ni ìdí tí ó tọ́ jù láti ra dímà: iná alẹ́ tí kò ta sí ojú, iná ìjẹun tí ó rọlẹ̀, iná yàrá aláìsàn tí kò jí i lójú oorun. LED tí a ń dín kù kì í sì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, èyí ń fi kún ọjọ́ ayé rẹ̀.

Bí iná bá ṣì ń tàn fírífírí lẹ́yìn tí a pa á, iná díẹ̀ tí dímà oníwáyà méjì ń jẹ́ kí ó kọjá ni ó fà á. Oníṣẹ́ iná lè fi ohun kékeré kan sí ẹ̀bá gílóòbù tí yóò gbà á, tàbí kí ó fi dímà tí ó ní neutral rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá fura pé iná ń ṣẹ́jú ṣùgbọ́n tí ojú kò rí i dáadáa, ẹ gbé kámẹ́rà fóònù sí i. Ìlà dúdú tí ń rìn lójú fóònù yóò fi hàn. Níbi tí ẹni tí ó ní wárápá tàbí ẹ̀fọ́rí tí kì í tètè lọ bá ń gbé, kí ẹ má ṣe fara mọ́ iná tí ń ṣẹ́jú fún ọjọ́ kan. Ìnfátà tí kì í ṣe "pure sine wave" (irú èyí tí iná rẹ̀ ń lọ tí ń bọ̀ wẹ́rẹ́) lè mú kí dímà máa kùn tàbí kí iná máa ṣẹ́jú. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ kìkì nígbà tí ìnfátà ń ṣiṣẹ́, ẹ yí dímà sókè dé òpin ní àkókò náà, bí kò bá sì dẹ́kun, ẹ pa iná ọ̀hún títí iná gidi yóò fi dé. Ara dímà lè lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, èyí kò burú. Bí ó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò lè dúró lórí rẹ̀, tàbí tí ẹ bá gbóòórùn ike tí ń jó, ẹ pa bírékà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì pe oníṣẹ́ iná.

Nígbà tí gílóòbù kan bá jó, ẹ pa bírékà kí ẹ tó yọ ọ́, nítorí pé dímà tí a ti pa ṣì lè jẹ́ kí iná díẹ̀ kọjá. Ẹ kọ orúkọ gílóòbù àti nọ́ńbà irú rẹ̀ sórí ìwé kékeré, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn àpótí bírékà, kí ẹni tí yóò ra òmíràn lè mú irú kan náà bọ̀.