Ẹ Má Dúró Kí Géèmù Yín Parí Kẹ́ Ẹ Tó Polówó Rẹ̀

Tówó ò bá tó nǹkan, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Gbàrà tẹ́ ẹ bá ti ní àwòrán bíi márùn-ún tó dáa látinú géèmù yín, ẹ ṣí ojú ewé rẹ̀ lórí Steam, ìyẹn ìsọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ta géèmù kọ̀ǹpútà. $100 ni wọ́n ń gbà lórí géèmù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì dá a padà tí géèmù náà bá ti pa $1,000. Òfin wọn ni pé ojú ewé náà gbọ́dọ̀ wà níta fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán, kí títà tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì ti kéré jù. Gbogbo ẹni tó bá fi géèmù yín sí wishlist, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn géèmù tó wù ú láti rà, ni Steam máa fi íméèlì ránṣẹ́ sí lọ́jọ́ tó bá jáde, àti nígbà tẹ́ ẹ bá dín iye rẹ̀ kù ní 20% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀fẹ́ ni íméèlì yẹn, torí náà ẹ jẹ́ kó pẹ́ níta bíi oṣù mẹ́fà.

Ìwọ̀nba owó tó bá wà lọ́wọ́, ayàwòrán ni kẹ́ ẹ fi gbà. Àwòrán tó ń ṣojú géèmù lórí àtẹ Steam kéré gan-an, òun lèèyàn sì kọ́kọ́ ń rí. Géèmù kan tí mo bá wọn polówó, aago lèèyàn ń tún ṣe nínú rẹ̀. Àwòrán tí wọ́n kọ́kọ́ yà ní òṣùpá, ilé tó ṣókùnkùn, àti bàbá kan tó kẹ̀yìn sí wa. Gbogbo ẹni tí mo fi hàn ló ní géèmù iwin ni. A yọ ọ́, a fi ọwọ́ kan tó ń yọ kẹ̀kẹ́ kékeré nínú aago tó ṣí sílẹ̀ rọ́pò rẹ̀, a sì kọ orúkọ géèmù náà gàdàgbà. Ìgbà yẹn ni ìdáhùn yí padà. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ tiyín di kékeré lórí fóònù, ẹ tò ó sáàárín àwọn géèmù tó jọ ọ́, kẹ́ ẹ wá bi ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ pé: “Kí lẹ rò pé wọ́n ń ṣe níbí?”

Ní ti fídíò, ẹ fi gbígbá géèmù náà gan-an bẹ̀rẹ̀. Àmì ilé iṣẹ́ yín lè dúró dẹ̀yìn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni Steam ń ṣe Next Fest, níbi táwọn èèyàn ti ń dán géèmù tí ò tíì jáde wò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni géèmù kan lè wọ̀ ọ́, nítorí náà ẹ má gbé dẹ́mò, ìyẹn apá géèmù tí wọ́n á dán wò, tí ò tíì gún régé lọ síbẹ̀.

Géèmù tó ń jẹ́ Among Us jáde ní 2018, àmọ́ 2020 ló tó gbòde, nígbà táwọn tó ń gbá géèmù fáwọn èèyàn wò lórí Twitch àti YouTube bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a. Ẹ wá irú wọn táwọn tó ń wo fídíò wọn ò tíì pọ̀ àmọ́ tí wọ́n ń gbá irú géèmù yín, kẹ́ ẹ sì wo fídíò wọn kẹ́ ẹ tó kọ̀wé sí wọn. Gbólóhùn mẹ́ta tó, pẹ̀lú kóòdù tí wọ́n á fi gba géèmù yín lọ́fẹ̀ẹ́ nínú íméèlì náà. Tí ẹnì kan bá fúnra rẹ̀ wá tọrọ kóòdù, ẹ wò ó bóyá àdírẹ́sì íméèlì rẹ̀ bá èyí tó wà lórí ojú ewé rẹ̀ mu. Àwọn oníjìbìtì ń ta kóòdù yẹn ni.

Tó bá ti jáde, ẹ bẹ àwọn tó rà á kí wọ́n kọ èrò wọn sílẹ̀, torí ó dìgbà tí èrò tí wọ́n kọ bá pé mẹ́wàá kí Steam tó gbé àpapọ̀ rẹ̀ jáde. Ẹ má fún wọn ní ohunkóhun nítorí ẹ̀. Steam ò gbà á láyè.