Ohun tí ó ná mi kí n tó mọ ojú àdìrẹ ẹlẹ́kọ

₦18,000 ni mo kà sílẹ̀ ní ọjà kan ní Abẹ́òkúta fún aṣọ tí wọ́n pè ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ fún mi, ìyẹn aṣọ tí a fi ẹ̀kọ ya ọnà sí lára kí aró má baà mú ibẹ̀ dáadáa. Ọnà Ìbàdàndùn ni ó wà lára rẹ̀, èyí tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, pẹ̀lú ṣíbí láàárín òpó kan sí èkejì. Ilé ni mo dé kí n tó yí aṣọ náà padà, ni mo bá rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ funfun ju iwájú lọ. Ẹ̀rọ ni ó tẹ ọnà sí i lójú. Títí di òní ni ó ṣì ń dùn mí.

Ìbínú yẹn ni ó gbé mi dé Òṣogbo, lọ́dọ̀ ìyá àgbàlagbà kan tí ó ṣì ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sí ara aṣọ. Mo ra aṣọ funfun, a dúnàá-dúrà, ìyá sì yà á tán. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni gbígbẹ. Láfún tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù sè ni ẹ̀kọ náà, bí kò bá sì gbẹ dáadáa kí aṣọ tó wọ inú aró, yóò yọ́, ọnà yóò sì dàrú. Oṣù Keje ni a wà, òjò kò sì fún wa láyè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Nígbà tí mo ní kí a sá a sí ẹ̀gbẹ́ iná, ìyá dá mi lóhùn pé, "Ọmọ mi, oòrùn ni ó ni iṣẹ́ yìí." Nígbà tí oòrùn wá yọ, aláró ní aró èlú tí ó wà nínú ìkòkò kò tíì kan tó láti fi pa aṣọ láró. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gba aṣọ mi padà.

Inú mi dùn pé n kò gbà á. Ojú mi ni aṣọ náà ṣe jáde nínú ìkòkò ní àwọ̀ ewé, tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, tí ó sì ń di àwọ̀ aró díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n tún rì í, tí wọ́n tún yọ ọ́, títí ó fi dú.

Nígbà tí wọ́n ha ẹ̀kọ kúrò, mo rí i pé ohun tí mo ti ń pè ní funfun kì í ṣe funfun rárá. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń ya ẹ̀kọ sí, nítorí náà aró máa ń gba ẹ̀yìn wọlé, ó sì máa ń fi búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ara ọnà, nígbà tí ẹ̀yìn aṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ aró látòkè délẹ̀. Búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn nínú aró dúdú ni ẹwà àdìrẹ lójú tèmi. Ìlà kọ̀ọ̀kan nípọn níbi tí ìyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì tín-ín-rín níbi tí ẹ̀kọ ti ń tán lẹ́nu rẹ̀, débi pé òpó Mápó méjì kò dọ́gba. Àṣìṣe ni ǹ bá ti pe èyí tẹ́lẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rà, kí ó yí ẹ̀yìn aṣọ wò kí ó tó fọwọ́ kan owó. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n ya tirẹ̀, kí ó lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹnu ọ̀nà yàrá mi ni mo fi tèmi kọ́ sí, kí ẹni tí ó ń wọlé lè rí iwájú rẹ̀, kí ẹni tí ó ń jáde sì rí ẹ̀yìn.