Ẹ Yọ Ọ́ Kúrò Kí Ẹ Tó Da Oògùn Sí I: Omi Adágún Tó Di Àwọ̀ Ewé

Ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀, ọlọ́sìn ẹran àti ìdílé ní agbègbè Ilé-Ifẹ̀

Ìwé yìí wà fún ẹ̀yin tí omi adágún yín máa ń di àwọ̀ ewé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti Ìfẹ́wàrà títí dé Òṣú, pàápàá ẹ̀yin tí adìyẹ tàbí àgùtàn ti bá a lọ. A ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ adágún. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ bá yín jà lé lórí: ẹ ń pa ewé náà (ohun tín-ín-tín aláwọ̀ ewé tó ń bo ojú omi, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cyanobacteria) sínú omi, ẹ sì tún ń mu omi ọ̀hún.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Omi dákẹ́, oòrùn mú, ìgbẹ́ adìyẹ tí ẹ ń dà sínú adágún ti pọ̀ jù. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, nǹkan àwọ̀ ewé bo ojú omi bí ọ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sílẹ̀. Baálé ilé á rántí pé oògùn kòkó ṣì kù nílé, èyí aláwọ̀ búlùú tó ní kọ́pà nínú. Á bu agolo kan, á wọ́n ọn. Nígbà tó bá ṣe, omi á mọ́ kedere, inú gbogbo ilé á dùn. Ìgbà yẹn gan-an ni omi náà burú jù.

Nígbà tí ewé yìí bá wà láàyè, inú rẹ̀ ni májèlé rẹ̀ ń gbé. Bí ẹ bá pa á, á bẹ́, májèlé á dà sínú omi níbi tí ojú kò ti lè rí i, tí asẹ́ kò sì lè mú un. Ní Palm Island ní Ọsirélíà lọ́dún 1979, wọ́n da kọ́pà sí ìsédò tí ìlú ń mu. Ènìyàn 148 ló ṣàìsàn ẹ̀dọ̀ àti ìfun, ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó bá ti da tirẹ̀ sí i, kó lé ẹran kúrò níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, sísè kò ràn án. Bí omi bá ṣe ń fà lórí iná ni májèlé ń ki sí i. Nígbà tí májèlé yìí wọ omi ẹ̀rọ ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2014, wọ́n kìlọ̀ fún aráàlú pé kí wọ́n má ṣe sè é.

Ẹ dá a mọ̀ ná. Ẹ ki igi bọ omi. Bí nǹkan náà bá so mọ́ igi, tó gùn, tó ń fà, ewéko lásán ni, ẹ fà á jáde. Bó bá kàn kun igi láìṣeé dì mú, ẹ bu omi náà sínú ìgò funfun, ẹ dé e, kó sùn mọ́jú. Èyí tó bá rì sísàlẹ̀ kò burú tó bẹ́ẹ̀. Bó bá lé sókè, tó yí ọrùn ìgò ká, òun nìyẹn.

Bí kànga tàbí bọhóólù bá wà, ibẹ̀ ni kí ènìyàn àti ẹran ti mu. Ẹni tí kò bá ní nìkan ni ètò tó tẹ̀lé e yìí wà fún, ẹ má sì yí i padà.

Ní kùtùkùtù ni kí ẹ pọn omi. Bí oòrùn bá ti wọ ewé náà lára, pH omi (ìwọ̀n tó ń fi hàn bí omi ṣe kan sí) lè kọjá 8, kílórínì tí ẹ máa fi sí i nígbẹ̀yìn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́. Ẹ má bu ojú omi: ẹ ki páìpù bọ̀ ọ́ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sísàlẹ̀, ní apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá.

Ẹ sẹ́ ẹ gba aṣọ òwú tó mọ́, tí ẹ ṣẹ́ po sí mẹ́rin. Ibí yìí ni ọwọ́ yín kì í ti gbọ́ràn. Omi á máa kán, sùúrù á tán, ẹ ó gbá aṣọ mú, ẹ ó fún un. Ẹ wo ohun tó ń jáde láàárín ìka yín: omi aláwọ̀ ewé. Ẹ ti fọ́ ọ sínú ohun tí ẹ ń sẹ́. Ẹ jẹ́ kó kán!

Lẹ́yìn náà, álọ́ọ̀mù gíráàmù 10 fún dúrọ́ọ̀mù lítà 200, ìyẹn ṣíbí tíì méjì tó tẹ́jú, kí ẹ kọ́kọ́ pò ó sínú ife omi kan. Ẹ rò ó kíákíá fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ rọra rò ó fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 2. Ẹ fi rọ́bà fa omi òkè tó mọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù mìíràn. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀. Ẹ sin ín lọ́jọ́ náà, jìnnà sí kànga.

Ìgbà yìí ló tó kan oògùn, ìyẹn kílórínì. Jik tàbí irú rẹ̀ tí kò ní lọ́fínńdà, tí wọ́n kọ 3.5% sí lára: mílílítà 2 fún kẹ́ẹ̀gì lítà 25, mílílítà 17 fún dúrọ́ọ̀mù. Síríńjì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ìdérí ìgò. Ẹ dé omi náà fún ìṣẹ́jú 30. Bébà àyẹ̀wò kílórínì gbọ́dọ̀ ṣì fi mílígíráàmù 0.5 nínú lítà kan hàn. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìdajì ìwọ̀n kún un, kí ẹ tún dúró fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ má pò eérú mọ́ ọn. Ẹ má sì da kílórínì sínú adágún, ẹja yín á kú.

Kílórínì ń fọ́ microcystin (májèlé ewé yìí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́), ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kì í ká anatoxin-a (májèlé rẹ̀ mìíràn). Nítorí náà, ẹ má fi omi yìí po oúnjẹ ọmọ ọwọ́.

Ti iná ultraviolet tí wọ́n ń dè mọ́ páìpù bọhóólù ńkọ́? Kòkòrò àrùn ló wà fún. Mílíjúùlù (ìwọ̀n agbára ìmọ́lẹ̀) 40 lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó tó láti pa àwọn yẹn; májèlé yìí ń fẹ́ ju ẹgbẹ̀rún lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ omi ńlá máa ń da kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní háídírójìn pẹ́rọ́ksáìdì sí omi kí wọ́n tó gbé e gba abẹ́ iná, iná á fọ́ pẹ́rọ́ksáìdì náà, ohun tó bá tibẹ̀ jáde ló ń já májèlé sí wẹ́wẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn náà ti sẹ́ omi wọn tán kó tó débẹ̀. Bí omi bá ṣì dúdú, ara ewé ni ìmọ́lẹ̀ á parí sí. Wọ́n sì tún ń yọ pẹ́rọ́ksáìdì tó bá ṣẹ́kù. Iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé kọ́. Èédú ìdáná náà kò lè rọ́pò èyí tí wọ́n ṣe fún sísẹ́ omi.

Ẹ má kó ẹja tà nígbà tí ojú omi ṣì dí. Bí ẹ bá wá kó o nígbà tó yá, ẹ yọ ìfun àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ pátápátá, ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sin ìfun náà. Ẹ má sọ ọ́ fún ajá, ẹ má sì sọ ọ́ fún adìyẹ.