Bí A Ṣe Ń Mọ Ojúlówó Ìbọn Ogun Àtijọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kí A Tó Gbé E Wọlé

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé England, Scotland tàbí Wales, tí ìbọn ológun àtijọ́ kan sì wù yín ní gbàǹjo, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ owó nìkan ni mímọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú. Òun gan-an ni òfin fi ń ya ohun ọ̀ṣọ́ tí ẹ lè fi kọ́ ògiri sọ́tọ̀ kúrò lára ìbọn tí ó lè gbé yín dé ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún 1977, ẹjọ́ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Howells dé ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ó ní ìbọn ìléwọ́ kan tí ó gbà gbọ́ pé ti àtijọ́ ni, àṣé àwòkọ tí wọ́n rọ lóde òní ni, ilé ẹjọ́ sì sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀, bí ó ti wù kí ó ti ọkàn wá tó, kò lè gbà á sílẹ̀.

Òfin Firearms Act ti 1968 yọ̀ǹda kí ènìyàn ní ìbọn àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ, bí ó bá jẹ́ pé ohun ìwòran tàbí ohun ọ̀ṣọ́ ni ó fi ṣe. Ìlànà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 22, oṣù kẹta, 2021 sì là á yé wa pé wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣe ìbọn náà kí ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 1939 tó pé, àti pé irú ọta tí ó ń lò, tàbí ọ̀nà tí iná fi ń ràn nínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ wà nínú àkójọ tí ìjọba tẹ̀ jáde. Bí ẹ bá ti ní i lọ́kàn láti yìn ín, ààbò yẹn ti kúrò lórí yín nìyẹn, ìwé àṣẹ ọlọ́pàá di dandan.

Ẹ kọ́kọ́ ka ara irin rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ìbọn ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó rí adé, lẹ́tà tí ó dúró fún orúkọ ọba tàbí ọbabìnrin, orúkọ ilé iṣẹ́ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Àmì ọfà ń sọ pé ohun ìní ìjọba ni. Bí ọfà méjì bá forí kan orí, ìjọba ti tà á nù nìyẹn. Ó yẹ kí gbogbo àmì wọ̀nyí bá ara wọn mu. Mo dúró ti ìbọn Martini-Henry kan rí, irú ìbọn gígùn tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lò láyé Ọbabìnrin Victoria, ní ọjọ́ tí wọ́n gbà wá láàyè láti yẹ ẹrù wò ṣáájú gbàǹjo. Mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí òjìji lè ṣubú sínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. N inú ENFIELD, orúkọ ilé iṣẹ́ ìbọn ìjọba, kọjú sí ẹ̀yìn, adé tí ó wà lórí VR, lẹ́tà orúkọ Ọbabìnrin Victoria, wọ́, ọdún tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 1907, bẹ́ẹ̀ oṣù kìíní 1901 ni Ọbabìnrin Victoria wàjà. Òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ máa ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì máa ń jìn dọ́gba. Ti ìbọn yìí jìn níbì kan, ó fẹ́rẹ̀ má hàn níbòmíràn, torí pé ọwọ́ ni wọ́n fi fín in. Iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ agbègbè Khyber, ní ààlà Afghanistan àti Pakistan, máa ń rí báyìí. Mi ò bẹnu àtẹ́ lu ọgbọ́n ọwọ́ wọn, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá yín jẹ́rìí pé kí 1939 tó dé ni wọ́n ti rọ ọ́?

Síbẹ̀, ẹ má fi ìkánjú pe ohun tí ó ṣàjèjì ní ayédèrú. Ìbọn Gahendra ti ilẹ̀ Nepal jọ Martini-Henry lójú, àmọ́ Devanagari, lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ èdè Nepal, ni wọ́n fi kọ nǹkan sí ara rẹ̀, àti pé bí wọ́n bá tú u, irin pẹlẹbẹ ni ẹ ó bá níbi tí Martini-Henry ti ní sípíríǹgì tí ó ká róbótó. Ojúlówó ni, ní irú tirẹ̀. Fún ìfiwéra, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Royal Armouries ní Leeds ni ẹ lè yíjú sí, nítorí ọwọ́ wọn ni àkójọ Pattern Room wà, níbi tí ìjọba ti máa ń kó àwọn ìbọn àpẹẹrẹ rẹ̀ pamọ́ sí tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni ihò ọta. Ọta .577/450 tí Martini-Henry àkọ́kọ́ ń jẹ wà nínú àkójọ ìjọba, ṣùgbọ́n wọ́n padà tún ọ̀pọ̀ irú ìbọn náà ṣe kí ó lè jẹ ọta .303, èyí tí kò sí níbẹ̀. Láti òkèèrè, ẹ kò ní mọ èwo ni èwo. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọṣẹ́ wọn ihò náà, kí ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu.

Bí wọ́n bá sọ fún yín pé wọ́n ti ba ìbọn náà jẹ́ kí ó má lè yìn mọ́, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí tí ó ti ilé ìdánwò ìbọn (proof house) ti London tàbí ti Birmingham wá, kí ẹ sì fi nọ́ńbà inú ìwé wé ti ara irin, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gbà á, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ abẹ́lé, létí. Èyí tí wọ́n bà jẹ́ ní ìlànà àtijọ́ kì í sábà ṣeé tà títí wọn yóò fi tún un ṣe bí òfin ti wí lónìí.

Bí iyèméjì bá ṣẹ́ kù, ẹ ya àwòrán gbogbo àmì náà, kí ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka ìwé àṣẹ ìbọn ti ọlọ́pàá agbègbè yín. Kí èsì tó dé, ẹ jẹ́ kí ìbọn náà wà lọ́wọ́ oníṣòwò ìbọn tí orúkọ rẹ̀ wà ní ìwé ọlọ́pàá.