Amparita, Abúlé Bugis Tí Wọn Kì Í Ti Í Dá Gbin Ìrẹsì: ìwé ìtọ́sọ́nà kékeré fún àgbẹ̀ àkùrọ̀ àti ará ilé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dáko sí àkùrọ̀. Abúlé kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ nínú ìwé pélébé yìí, Amparita lorúkọ ẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ò gbọ́ ọ rí, èmi náà ò gbọ́ ọ rí kó tó di pé mo ń wádìí kiri lórí ìdí tí eku àti ẹyẹ fi sọ ìrẹsì tèmi di oúnjẹ ọ̀fẹ́. Indonesia ló wà, ní erékùṣù Sulawesi, èyí tẹ́ ẹ bá wò ó lórí máàpù tó na ẹsẹ̀ síbí tó na ẹsẹ̀ sọ́hùn-ún bí alákàn. Apá gúúsù ibẹ̀ nilé àwọn Bugis. Awakọ̀ ojú omi layé mọ̀ wọ́n sí, àwọn tó ń fi ọkọ̀ onígbòkun ṣòwò láti erékùṣù dé erékùṣù, ṣùgbọ́n ẹ wọ inú ilẹ̀ wọn lọ díẹ̀, oko ìrẹsì lẹ máa bá, ó lọ salalu. Galung ni wọ́n ń pe oko ìrẹsì olómi yẹn, ìrẹsì tó wà lóko ń jẹ́ ase, tí wọ́n bá ti bó o ó di werre', tó bá ti jinná ó di nanre. Ẹ ò rí i pé ẹni tó fún nǹkan lórúkọ tó tó yẹn, kì í ṣe àná ló bá a pàdé.

Àgbègbè tí Amparita wà ń jẹ́ Sidenreng Rappang, àwọn fúnra wọn ti gé e kúrú sí Sidrap. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, omi ò jìnnà, adágún Sidenreng wà níbẹ̀, wọ́n sì tún ní kánàlì tó ń gbómi wọ oko. Tẹ́ ẹ bá gbójú sókè ibi òkè lápá Watang Pulu, ẹ máa rí òpó gàgàrà 30 tó ń fi atẹ́gùn ṣe iná mànàmáná, ọdún 2018 ni wọ́n ṣí i, mẹ́gáwáàtì 75 ló ń mú wá. Iná ń yí lókè, àgbẹ̀ ń tẹ ẹrẹ̀ nísàlẹ̀.

Oríṣi èèyàn méjì ló pọ̀ ní Amparita, Mùsùlùmí àti àwọn tí wọ́n ń pè ní Towani Tolotang. Bugis ni gbogbo wọn. Ìtàn àwọn Tolotang yìí ni pé nígbà tí ọba Wajo, ìlú Bugis mìíràn, gba Ìsìláàmù lọ́dún 1610, àwọn kan láàárín ìlú ò bá a lọ, nígbà tó yá wọ́n kó ẹrù wọn wá sọ́dọ̀ ọba Sidenreng, òun ló fún wọn níbi tí wọ́n máa gbé lápá gúúsù Amparita, ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá, Tolotang, ará gúúsù. Lọ́dún 1966 ìjọba kọ wọ́n mọ́ ẹlẹ́sìn Híńdù torí pé ẹ̀sìn tí ìjọba Indonesia dá mọ̀ ò ju ìwọ̀nba lọ, ṣùgbọ́n Dewata SeuwaE ni wọ́n ń sìn, ìyẹn Ọlọ́run kan ṣoṣo. Àgbààgbà wọn ń jẹ́ Uwa. Lóṣù January wọ́n máa ń gbé oúnjẹ lọ sí Perrinyameng, níbi ibojì baba ńlá wọn I Pabbere, wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á jókòó. Mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀sìn, oko ló gbé mi wá. Ohun tí mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé kánàlì tó bomi rin oko Uwa náà ló ń bomi rin oko Mùsùlùmí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ pín in.

Ilé wọn, ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbọ́ tiyín. Orí òpó ni wọ́n ń kọ́ ọ sí, ó ní ipele mẹ́ta. Òkè àjà ni rakkeang, ibẹ̀ ni ìrẹsì ń gbé, ibi gíga, ibi gbígbẹ. Àárín ni èèyàn ń gbé. Abẹ́ ilé wà fún adìẹ, fún irinṣẹ́ oko, fún ẹni tó bá fẹ́ jókòó gba atẹ́gùn tóòrùn bá mú. Tí ẹnì kan bá wá ta ilẹ̀ tàbí tó fẹ́ kó lọ síbòmíì, kì í wó ilé o. Wọ́n á di ọparun mọ́ àwọn òpó nísàlẹ̀, àwọn ọkùnrin àdúgbò á bọ́ sábẹ́ ẹ̀, ẹnì kan á máa ké, àwọn tó kù á máa dáhùn, wọ́n á gbé ilé odindi sórí èjìká, ilé á máa rìn lọ lójú títì bí egúngún ńlá. Marakka' bola ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn. Àwọn obìnrin ti ń se oúnjẹ dúró níbi tí wọ́n ń gbé e lọ, oúnjẹ yẹn lowó iṣẹ́.

Ó dáa, ká wá dé orí ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Kí àsìkò gbígbìn tó dé, wọ́n máa ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní tudang sipulung. Tudang ni ká jókòó, sipulung ni ká kóra jọ. Kì í ṣe mítíìnì tí òṣìṣẹ́ ìjọba á wá sọ̀rọ̀ tán táwọn àgbẹ̀ á pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà tó mọ ìwé àtijọ́ wọn tí wọ́n fi lẹ́tà lontara kọ á wà níbẹ̀, wọ́n á sọ bí òjò ọdún tó rí báyìí ṣe rí láyé àwọn baba wọn, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n rí lára ìràwọ̀, àwọn ìràwọ̀ kéékèèké tó rún mọ́ra wọn bí àgbébọ̀ àtàwọn ọmọ ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní worong-porong, àti mẹ́ta tó tò gbọọrọ. Àwọn tó ń rí sí ojú ọjọ́ lọ́dọ̀ ìjọba á sọ tiwọn. Àwọn tó ń ṣọ́ kánàlì á sọ ìgbà tómi lè dé. Àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ á sọ irú ìrẹsì tó wà nílẹ̀ àti kòkòrò tó ń jà. Wọ́n á jà á sí i, wọ́n á rà á sí i, kí wọ́n tó dìde wọ́n á ti mú ọjọ́: ọjọ́ tómi á wọ oko, ọjọ́ tí wọ́n máa da irúgbìn sí nọ́sìrì, ọjọ́ tí wọ́n máa gbìn ín. Ẹ rántí pé ibi tó ṣòro ni Sidrap wà, nítorí lápá ìwọ̀-oòrùn ní Makassar, December sí February lòjò ń pọ̀, lápá ìlà-oòrùn ní Bone àti Wajo ó máa ń di bí April sí June, Sidrap wá há sáàárín méjèèjì. Ẹni tó bá ń fojú díwọ̀n òjò níbẹ̀, á ṣì í.

Kí ló wá dé tí gbogbo èèyàn fi gbọ́dọ̀ gbìn ín lẹ́ẹ̀kan náà? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1972 ló máa yé yín jù. Àìsàn ìrẹsì kan tó ń jẹ́ tungro bẹ́ sílẹ̀ ní gúúsù Sulawesi lọ́dún náà, ó sì ba oko jẹ́ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ewé ìrẹsì á máa pọ́n bí ọsàn láti ṣóńṣó ẹ̀ wá sísàlẹ̀, igi ẹ̀ á ràn, kò ní ga, kò ní yọ ọmọ tó dáa. Fáírọ́ọ̀sì méjì ló pawọ́ pọ̀ ṣe é, kòkòrò aláwọ̀ ewé kékeré kan tó ń fò tó sì ń fa omi ara ewé ló ń gbé e kiri. Kòkòrò yẹn, tó bá fa ewé tó ní àìsàn, ọjọ́ díẹ̀ ló fi lè máa gbé e ran ti ẹlòmíì, lẹ́yìn ẹ̀ ó parí. Ẹ wo ibi tí ọgbọ́n wà: tí kò bá sí ìrẹsì tútù nílẹ̀ rárá fún ìgbà kan, kòkòrò náà ò níbi tó máa ti rí àìsàn fà, àìsàn á kú fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìwọ bá ń gbìn lónìí, tí èmi ń gbìn lóṣù tó ń bọ̀, tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà lọ́hùn-ún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu tiẹ̀, a ti gbé àsè tí kì í tán sílẹ̀ fún un nìyẹn, àtoko àgbà ló á ti máa wá sí toko ọmọ, bẹ́ẹ̀ ìrẹsì kékeré ni àìsàn yìí ń pa jù.

Láti 1983 ni wọ́n ti wá sọ ọ́ dètò káàkiri ìpínlẹ̀ náà: ẹ gbìn ín papọ̀, ẹ gbìn ín lásìkò tí kòkòrò yẹn ò pọ̀, ẹ má sì gbin irú ìrẹsì kan náà lọ títí, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ torí kòkòrò máa ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ohun tí wọn ò rí jẹ tẹ́lẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Ibùdó ìwádìí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún tungro, Lanrang ní Sidrap yẹn náà ni wọ́n gbé e sí. Lójú tèmi, ohun tó jẹ́ kó rọrùn ni pé kì í ṣe nǹkan àjèjì ni wọ́n gbé wá, àwọn èèyàn yẹn ti mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó mú ọjọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ fáírọ́ọ̀sì.

Tungro ò sí nílẹ̀ Áfíríkà o, ẹ má lọ dá ara yín níjì. Èyí tó ń yọ wá lẹ́nu nílẹ̀ wa ni èyí tí ewé ìrẹsì fi ń di aláwọ̀ yẹ́lò tótòòtó, fáírọ́ọ̀sì ni òun náà, àwọn kòkòrò kéékèèké ẹlẹ́yìn líle ló ń gbé e kiri, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa àti dòjé wa náà ń gbé e. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan èyí tó ní in, ẹ fọwọ́, ẹ fọ dòjé, kẹ́ ẹ tó kan òmíì, ẹ sì hú èyí tó ti mú dànù ní nọ́sìrì.

Ti eku wá ńkọ́. Eku oko máa ń bímọ gan-an lásìkò tí ìrẹsì bá lóyún, ìyẹn tó bá fẹ́ yọ orí, eku kì í sì í gbé oyún ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Tí gbogbo oko bá lóyún pọ̀, tí wọ́n gbó pọ̀, tí wọ́n kórè pọ̀, ìwọ̀nba ìbí díẹ̀ ni eku rí bí, ebi ti dé. Tí oko bá ń lóyún lọ́kọ̀ọ̀kan, eku á máa kó láti oko kan bọ́ sí ìkejì, ó ń bímọ lọ. Lọ́dún kan mo sáré gbin tèmi ṣíwájú gbogbo ará àkùrọ̀ wa ní bí oṣù kan ààbọ̀, mo ní kí n lè tètè tà kí ọjà tó kún, mo ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Èmi nìkan ni ìrẹsì mi gbó nígbà yẹn. Gbogbo ẹyẹ tó wà lágbègbè, oko mi ni wọ́n sùn sí. Mo lu agolo títí apá fi ń ro mí, àwọ̀n tí mo rà ò tó, ohun tí mo kó délé ò kún àpò mẹ́ta. Nígbà táwọn tó kù wá ń kórè, ẹyẹ ti pín káàkiri, kálukú rí tiẹ̀ kó.

Ẹ jẹ́ n sọ ti irúgbìn kí n má gbàgbé. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kí wọ́n da irúgbìn sí nọ́sìrì, àwọn ìdílé kan nílẹ̀ Bugis ṣì máa ń ṣe maddoja bine, ìyẹn ni pé wọ́n ń bá irúgbìn ṣe àìsùn. Irúgbìn tí wọ́n ti rẹ sómi ni wọ́n á gbé sídìí òpó àárín ilé, posi bola, ìdodo ilé, wọ́n á tan fìtílà sí i, wọ́n á gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti sokko, ìrẹsì tó máa ń lẹ̀ mọ́ra, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n á máa kàwé ìtàn Sangiang Serri, ìyá ìrẹsì, fún un lórin. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n irúgbìn tí ẹ bá ṣe àìsùn fún, ẹ ò lè gbàgbé ẹ̀ sómi kó rà.

Tiyín, báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe é: ẹ po iyọ̀ sómi nínú báfù, ẹ ju ẹyin tútù sí i, kẹ́ ẹ máa fi iyọ̀ kún un títí ẹyin á fi léfòó tórí ẹ̀ á yọ bí owó ẹyọ. Ẹ yọ ẹyin, ẹ da irúgbìn sí i. Èyí tó bá léfòó, ti adìẹ ni. Èyí tó rì, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án dáadáa kí iyọ̀ kúrò lára ẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ fún ọjọ́ kan, ẹ gbé e sínú àpò tútù fún ọjọ́ kan sí i, títí tí ẹnu ẹ̀ á fi là funfun. Ìgbà yẹn lẹ tó dà á.

Tí wọ́n bá kórè tán ní Sidrap, ẹ̀rọ ńlá ló ń kórè báyìí, iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń fi ọ̀bẹ kékeré gé ìrẹsì ní ìdì kọ̀ọ̀kan ti fẹ́ẹ̀ parí, kì í ṣe gbogbo èèyàn linú ẹ̀ dùn sí i, ẹni tó ń rí ìpín ìrẹsì gbà níbi ìkórè tẹ́lẹ̀ ti di òǹwòran. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ò ní ilẹ̀ ṣì wà tí wọ́n ń ṣe teseng, wọ́n ń dáko lórí ilẹ̀ ẹlòmíì, wọ́n jọ ń pín in pẹ̀lú onílẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè, àwọn darandaran pẹ́pẹ́yẹ á da pẹ́pẹ́yẹ wọn sínú oko kí wọ́n ṣa èyí tó jábọ́ jẹ àti ìgbín inú omi. Eèrí ìrẹsì ń lọ sínú oúnjẹ adìẹ, ìdí nìyẹn tí Sidrap fi tún jẹ́ ibi tí ẹyin ti ń jáde lọ sọ́jà káàkiri. Àwọn obìnrin á wá to ara wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ odó gbọọrọ kan tó rí bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, wọ́n á máa fi ọmọ odó lù ú, èyí ṣe kọ̀, èyí ṣe kọ̀-kọ̀, ó di ìlù, mappadendang nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ lákùrọ̀ tiyín, ẹ má ro ti gbogbo ìlú. Ẹni tí oko ẹ̀ fi ara kan tiyín, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń pín odò kan, ẹ̀yin mẹ́wàá sí ogún tó. Kẹ́ ẹ pàdé ní bí oṣù kan àbọ̀ kẹ́ ẹ tó gbìn, kẹ́ ẹ mú ọjọ́, kí ẹni tó gbìn gbẹ̀yìn má fi ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ sẹ́ni àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ jọ mọ irú ìrẹsì tí oníkálukú fẹ́ lò torí èyí tó ń gbó lóṣù mẹ́ta àti èyí tó ń gbó lóṣù márùn-ún ò lè kórè pọ̀ bẹ́ ẹ tiẹ̀ gbìn ín lọ́jọ́ kan náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ jù ú sórí WhatsApp. Mítíìnì àkọ́kọ́ yẹn, ẹ má ṣe é lóko yín, ẹ lọ ṣe é nílé ẹni tí oko ẹ̀ wà lókè omi jù, ẹ gbé ọtí tàbí mínírà dání. Òun lómi ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, tí òun ò bá sí níbẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ̀yin mú ò ní bá omi.